Páálí mẹ́ta, oògùn kan: àlàyé lórí oògùn ara ríro àti ara gbígbóná

Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní kẹ́mísì, ìbáà jẹ́ ní Nyanya, Mararaba tàbí Kubwa lágbègbè Abuja, ni "Ẹ bá mi po oògùn ara ríro." Wọn kì í dárúkọ oògùn kankan. Ẹni tó dúró sí kántà á ṣí ike kan, á ka hóró funfun mẹ́rin. Á ṣí òmíràn, á ka aláwọ̀ ọsàn mẹ́rin, á fi aláwọ̀ ewé díẹ̀ kún un, á kó gbogbo rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù kékeré, á ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó rà á kò mọ orúkọ ohun tó ń gbé mì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara kò tíì fúyẹ́, á gba kẹ́mísì mìíràn lọ, àwọn náà á tún po tiwọn fún un.

Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé. Oògùn wọ̀nyí dára, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Èmi náà máa ń lò wọ́n. Ohun tó ń sọ wọ́n di ìjàǹbá ni pé a kì í mọ èyí tí a lò, a kì í sì í mọ iye tó ti wọ ara wa láti àná. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń ta oògùn yàtọ̀ sí orúkọ oògùn gan-an. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí, orúkọ ọjà ni. Èyí tí ara yín mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sísàlẹ̀ tàbí sẹ́yìn, tí iye mg wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni kí ẹ wá kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá ń wo ẹ̀yìn páálí báyìí, ẹ ó rí i pé gbogbo ogunlọ́gọ̀ oògùn ara ríro tó kún orí pẹpẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹbí méjì lọ. Paracetamol dá dúró ní tirẹ̀. Nínú ẹbí kejì ni aspirin wà, pẹ̀lú ibuprofen, diclofenac àti piroxicam tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀ sí Feldene. Ọmọ ìyá ni àwọn mẹ́rin yìí. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ibì kan náà ni wọ́n sì máa ń bàjẹ́ lára èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé paracetamol yẹ̀ wò, torí òun la fojú kéré jù. Hóró kan sábà máa ń jẹ́ 500 mg. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè lo hóró kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó tún lò ó. Hóró mẹ́jọ, ìyẹn 4,000 mg, ni òpin láàárín wákàtí 24. Ẹni tí kò tó 50 kg, ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn, apòògùn tàbí dókítà ló sì yẹ kó sọ iye rẹ̀ fún un.

Ká sọ pé bíríkìlà kan ní Lugbe jí pẹ̀lú ara ríro, ó lo paracetamol méjì kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án, orí ń fọ́ ọ, ó ra Panadol Extra, ó lo méjì. Nírọ̀lẹ́, imú ń ṣomi, ó ra oògùn kátá, ó lo méjì. Nígbà tó fẹ́ sùn, ó padà sórí paracetamol méjì tó kù nílé. Lójú rẹ̀, oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lò, kò sì lo èyíkéyìí lálòjù. Ẹ wá yí páálí wọn padà. Hóró Panadol Extra kọ̀ọ̀kan, paracetamol 500 mg ló wà nínú rẹ̀, káféènì 65 mg ni wọ́n fi kún un. Ọ̀pọ̀ oògùn kátá alápapọ̀ ni paracetamol wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè tó 500 mg nínú hóró kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, hóró mẹ́jọ ti pé. Bí ara ríro bá jí i lóru, tó tún na ọwọ́ sí méjì mìíràn, ó ti kọjá ààlà, kò sì ní mọ̀. Kó wá máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, torí àìsàn kò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tán lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú paracetamol palẹ̀. Bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, díẹ̀ nínú oògùn náà máa ń di májèlé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ní nǹkan kan nípamọ́ tó fi ń pa májèlé náà lójú ẹsẹ̀. Nǹkan ìpamọ́ yìí níwọ̀n. Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò: níwọ̀n ìgbà tí omi tó ń wọlé kò bá ju èyí tó ń gbọ́n dànù, ọkọ̀ á léfòó. Ọtí àti ebi máa ń mú kí nǹkan ìpamọ́ yẹn dín kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń mu àgbo tí wọ́n fi ọgógóró rẹ, irú èyí tí wọ́n ń tà láàárọ̀ kùtù ní ibùdókọ̀, kí wọ́n má fi paracetamol lé e. Ẹni tó mu àgbo yẹn, ọtí ló mu. Bákan náà ni ti àwọn tó ń da paracetamol sínú ẹran kó lè tètè rọ̀, èyí tí NAFDAC ti kìlọ̀ lé lórí léraléra. Ẹni tó jẹ ẹran náà kò mọ̀ pé òun lo oògùn, báwo ló ṣe máa kà á mọ́ èyí tó fi omi gbé mì?

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìpalára paracetamol kì í pariwo. Ẹni tó lò ó lálòjù lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àfi bóyá kí èébì máa gbé e. Á jẹun, á rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé á ní ó ti bọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni abẹ́ ìhà ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, tí ojú rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Oògùn tó ń bá májèlé yìí jà wà, acetylcysteine ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n inú wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo èyí tó ju òpin lọ, tàbí ọmọdé tó ṣí ike oògùn tó sì mu nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí páálí tàbí ike oògùn náà wà lọ́wọ́ yín, kódà bó bá ṣì ń ṣeré. Ẹ má fi epo pupa rọ ọ́. Epo kì í pa májèlé yìí, ó sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí wàhálà kan wá di méjì.

Ti ẹbí kejì yàtọ̀. Nígbà tí ibì kan bá farapa, ara máa ń pèsè nǹkan kan tó ń mú ibẹ̀ wú, tó ń mú un gbóná, tó sì ń jẹ́ kó máa ro èèyàn. Ìpèsè yẹn ni ibuprofen àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń dá dúró. Ṣùgbọ́n irú nǹkan yìí kan náà ló ń dáàbò bo ara ikùn kí omi kíkan inú rẹ̀ má baà jẹ ẹ́ wọnú, òun náà ló sì ń ràn án lọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn wọ kíndìnrín. Oògùn tí ẹ gbé mì nítorí orúnkún kò mọ̀ pé orúnkún nìkan lẹ rán òun sí.

Ẹ wo ìyá àgbà tí ọmọ wọn ránṣẹ́ sí láti Ọ̀ṣogbo kí wọ́n wá bá a tọ́ ọmọ tuntun ní Gwarinpa. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ti ń lo Feldene tipẹ́. Àna wọn ra diclofenac fún wọn torí àánú. Aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tún fún wọn ní Alabukun, ìyẹ̀fun tó ní aspirin nínú. Mama sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀. Ọmọ ìyá mẹ́ta ló pàdé nínú ikùn kan yìí, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mama lè lọ sókè torí pé àwọn oògùn yìí máa ń sọ ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru di aláìlágbára. Kíndìnrín wọn lè ṣàárẹ̀. Ọgbẹ́ lè dá sí inú wọn láìsí ìrora kankan tí wọ́n lè tọ́ka sí, títí dìgbà tí ìgbẹ́ á máa dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí wọ́n á bì, tí ẹ̀jẹ̀ á jáde. Èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká dúró di ọ̀la." Bí ẹni tó po oògùn sínú náílọ́ọ̀nù bá wá fi prednisolone, tó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì, kún un, bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe kí ara ríro lè tètè lọ, ewu ọgbẹ́ inú tún pọ̀ sí i. Fún orúnkún tó ń dun àgbàlagbà, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò kó tó yan èyí tó bá wọn mu. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa á lórí orúnkún ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń wọnú ẹ̀jẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ẹlòmíràn kò ní dùn bí mo ṣe dárúkọ Alabukun. Jacob Odulate, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Blessed Jacob, ló ṣe é ní Abẹ́òkúta ní 1918, ibi tí Yorùbá bá sì dé ní ilẹ̀ Hausa ni ìyẹ̀fun yẹn ń bá wọn dé. Ogún wa ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n aspirin àti káféènì ló wà nínú rẹ̀, ohun tí aspirin sì ń ṣe, òun ló ń ṣe. Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ lá a, ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọ́dọ̀ dá a lò láìbi dókítà rẹ̀. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí àìsàn kòkòrò bíi ọ̀fìnkìn tàbí ilẹ̀ẹ́gbóná bá wà lára ọmọ, aspirin lè fa àrùn kan tó ń kọlu ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka tọ́ ọ sẹ́nu ọmọ rárá.

Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ ojoojúmọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn orí fífọ́ ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún bí oṣù mẹ́ta, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Tó bá jẹ́ alápapọ̀ tó ní káféènì nínú, ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù ti tó. Ẹni náà á máa rò pé àìsàn ń le sí i, á máa fi kún oògùn. Mo ti rí i lára àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò ọjà Wuse tí oògùn kì í wọ́n lápò wọn, ó sì máa ń ṣòro fún wọn láti gbà pé jíjáwọ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le, ó yẹ kí dókítà bá wọn mójú tó o.

Ibuprofen tí èèyàn rà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 1,200 mg lọ lójúmọ́. Hóró 200 mg kan tàbí méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ fetí sí èyí. Bí orí bá ń fọ́ yín nígbà ìṣínu, ẹ mu omi, ẹ jẹun ná. Kì í ṣe dàbínù kan àti ibuprofen méjì sínú ikùn tó ṣófo láti àfẹ̀mọ́jú. Ẹni tó máa ń mu tíì tàbí kọfí lójoojúmọ́ kí ààwẹ̀ tó dé, àìrí káféènì lè jẹ́ ìdí orí fífọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ooru ìhà Àríwá náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí oòrùn ń jó Kano, Sokoto àti Maiduguri bí iná, tí èèyàn ń làágùn tí kò sì mu omi tó, kíndìnrín ń wá ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbà. Ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, tàbí tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kó jìnnà sí ẹbí ibuprofen títí omi á fi padà sára rẹ̀. Paracetamol sàn fún un. Àwọn aláboyún pẹ̀lú, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ, kí wọ́n má ra ibuprofen tàbí diclofenac fúnra wọn, torí ọmọ inú ló lè pa lára. Ẹni tó ní asímà, àrùn kíndìnrín tàbí àìlera ọkàn, kó béèrè kó tó rà.

Tramadol kì í ṣe ara ẹbí méjèèjì yìí. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀gbọ́n paracetamol, irọ́ gbáà ni. Oògùn tó ń di bárakú ni, dókítà ló ń kọ ọ́, ti 50 mg àti 100 mg nìkan ni NAFDAC fọwọ́ sí. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́kadà àti alábàárù, òfin kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló jẹ mí lọ́kàn jù. Bí ọmọ ṣe wúwo sí la fi ń wọn paracetamol rẹ̀, a kì í wò ó nípa bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó: 10 sí 15 mg fún kg kọ̀ọ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ tó wúwo tó 10 kg, 100 sí 150 mg ni tirẹ̀. Oògùn olómi tó wọ́pọ̀ jẹ́ 120 mg nínú 5 ml, nítorí náà 5 ml tó fún ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n dọ́rọ́ọ̀pù wà, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ìkókó, òun sì sábà máa ń jẹ́ 100 mg nínú 1 ml péré. Ìyá tó bá wọn 5 ml nínú dọ́rọ́ọ̀pù, 500 mg ló fún ọmọ rẹ̀, odindi hóró àgbàlagbà kan. Kò ṣe é pẹ̀lú èrò burúkú. Ike méjèèjì ń jẹ́ paracetamol ọmọdé, ike dọ́rọ́ọ̀pù sì kéré, ó jọ ohun tí kò lágbára. Ẹ ka iye mg tó wà nínú ml kan. Ẹ fi ife kékeré tàbí ṣíríńjì tó bá oògùn náà wá wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí ìjẹun ilé yìí kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ilé kejì.

Ibi tí ẹ ti ra oògùn olómi ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1990, ọmọdé 47 kú ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ ni, ó dùn lẹ́nu, ó sì jọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi po oògùn gan-an. Kíndìnrín ló ń bàjẹ́: ọmọ á kàn ṣíwọ́ ìtọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1993, ni ìjọba gbé NAFDAC kalẹ̀. Síbẹ̀, ní ìparí 2008, kẹ́míkà yìí kan náà tún wọnú oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ó pa ọmọ tó ju 80 lọ, Zaria sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí wọ ilé ìwòsàn. Mi ò sọ èyí kí ẹ̀rù lè máa bà yín láti lo oògùn. Ẹ rà á nílé oògùn tó ní apòògùn, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìparí rẹ̀, ẹ má ra èyí tó ti sá sóòrùn lórí kẹ̀kẹ́ ọmọlanke láti òwúrọ̀. Bí ọmọ kò bá tọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lẹ́yìn tó mu oògùn kan, ẹ gbé òun àti ike oògùn náà lọ sílé ìwòsàn.

Ohun kan tún wà tí àṣìṣe ti ń pọ̀. Paracetamol máa ń mú ara tutù, kò sì sí ohun tó ń ṣe sí kòkòrò ibà. Ara tó tutù fún wákàtí mẹ́rin lè tan ìyá jẹ pé ibà ti lọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibà, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ìhà Àríwá, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àrùn yírùnyírùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau máa ń jà, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ara gbígbóná àti orí fífọ́ lásán. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ le tí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, tí iná ń dùn lójú, tó ń bì tàbí tó ń ṣèrànrán, kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nílé. Ibà Lassa náà ń jà lágbègbè bíi Plateau, Bauchi àti Taraba nígbà kan náà. Torí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ẹni tó ní in, aspirin àti ibuprofen kò yẹ níbẹ̀. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, tàbí ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má kọ́kọ́ dán oògùn wò nílé. Fún àwọn yòókù, bí ara gbígbóná bá wọ ọjọ́ mẹ́ta, dókítà ló kù.

Nígbà míì tí ẹ bá dé kẹ́mísì, ẹ béèrè: kí lorúkọ rẹ̀ gan-an, mg mélòó ni, ṣé irú rẹ̀ wà nínú èyí tí mo lò láàárọ̀? Bí Hausa lẹni tó ń tajà gbọ́, "Menene sunan maganin nan?" ti tó. Tó bá jẹ́ hóró mẹ́rin péré lẹ fẹ́ rà, tí wọ́n fẹ́ fi àlùmọ́gàjí gé e, ẹ fi fóònù ya ẹ̀yìn páálí níbi tí orúkọ, mg àti ọjọ́ ìparí wà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ lò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Bí nǹkan bá yíwọ́, ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.